Èsì: Oògùn àtọ̀gbẹ fún màmá tí kò ní àtọ̀gbẹ

Ẹ̀gbọ́n, ẹ bèèrè ìdí tí dókítà ọkàn ní Kútọnu fi kọ dapagliflozin fún màmá yín tí ọkàn wọn ò lágbára mọ́, nígbà tí wọn ò ní àtọ̀gbẹ. Dókítà náà kò ṣì í o. Oògùn àtọ̀gbẹ ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n lọ́dún 2019, ìwádìí DAPA-HF lára aláìsàn 4,744 tí ọkàn wọn ò lágbára mọ́ fi hàn pé ó ń dín ikú kù, yálà èèyàn ní àtọ̀gbẹ tàbí kò ní. Bí ìgbẹ́ gbuuru tàbí èébì bá mú wọn, ẹ kọ́kọ́ pe dókítà ná.

Magí inú ọbẹ̀ wa ní Kétu níbí ló ń bà mí lẹ́rù jù. Iyọ̀ pọ̀ nínú ẹ̀, iyọ̀ sì ń dá omi dúró sára. Láràárọ̀, tí màmá bá ti tọ̀ tán, kí wọ́n gun ìwọ̀n kí wọ́n tó jẹun. Bí ìwọ̀n wọn bá fi kílò méjì lé láàárín ọjọ́ mẹ́ta, ẹ má dúró de ọjọ́ àdéhùn.