Jonathan Pollard: Ṣé Ìfẹ́ Ísírẹ́lì Ni Ẹ̀ṣẹ̀ Rẹ̀?

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ń jiyàn lórí Jonathan Pollard, Júù ará Amẹ́ríkà tí ó ṣe amí fún Ísírẹ́lì. Ẹ̀gbọ́n mi ní ọ̀dàlẹ̀ ni, àti pé ẹni tí ó bá dalẹ̀ yóò bá ilẹ̀ lọ. Èmi ní àwọn ẹ̀yà rẹ̀ ni ó ràn lọ́wọ́, ọ̀rẹ́ sì ni orílẹ̀-èdè méjèèjì. Ta ló jàre nínú wa? (Òǹkàwé yín, Ìbàdàn)

ÌDÁHÙN: Ẹ̀gbọ́n yín ni wọ́n sún mọ́ òótọ́ jù, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òfin kò pe Pollard ní ọ̀dàlẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, ọ̀dàlẹ̀ ni ẹni tí ó gbógun ti orílẹ̀-èdè náà tàbí tí ó ti ọ̀tá rẹ̀ lẹ́yìn, Ísírẹ́lì kì í sì í ṣe ọ̀tá. Ohun tí Pollard jẹ́wọ́ ní ọdún 1986 ni pé ó lọ́wọ́ nínú gbígbé àṣírí ààbò ìlú fún ìjọba ilẹ̀ òkèèrè, òfin yìí kò sì bìkítà bóyá ọ̀rẹ́ ni ìjọba náà.

Òṣìṣẹ́ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ni nínú iṣẹ́ ológun ojú omi. Láti ọdún 1984, lẹ́yìn tí ó pàdé Aviem Sella, ọ̀gágun òfurufú Ísírẹ́lì, ni ó ti ń kó ìwé àṣírí jáde níbi iṣẹ́ nínú àpò, tí wọ́n ń ṣe ẹ̀dà wọn nínú ilé kan ní Washington, tí ó sì ń dá wọn padà. Ó ní Amẹ́ríkà ń fi ohun tí ó yẹ kí Ísírẹ́lì mọ̀ pamọ́ fún un. Mo gbà pé ìfẹ́ yẹn jẹ́ òótọ́. Síbẹ̀, ó gba 1,500 dọ́là lóṣooṣù, èyí tí wọ́n sọ di 2,500, wọ́n sì ra òrùka dáyámọ́ńdì àti sàfáyà fún àfẹ́sọ́nà rẹ̀. Nígbà tí owó oṣù ti wọ̀ ọ́, ta ni yóò mọ ibi tí ìfẹ́ parí sí?

Ohun tí ó dùn mí jù ni ti ọjọ́ 21 oṣù kọkànlá ọdún 1985, nígbà tí òun àti ìyàwó rẹ̀ wa ọkọ̀ wọnú ọgbà ilé-iṣẹ́ aṣojú Ísírẹ́lì ní Washington láti sá àsálà, tí àwọn ẹ̀ṣọ́ lé wọn jáde, tí àwọn FBI, ọlọ́pàá ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ Amẹ́ríkà, sì gbá a mú lẹ́nu ọ̀nà. Ìjọba tí ó torí rẹ̀ ta àṣírí sọ pé òun kò rán an níṣẹ́. Ọdún 1998 ni ó tó gbà pé amí òun ni.

Ibi tí ẹ ti jàre ni ti ìdájọ́. Àwọn agbẹjọ́rò ìjọba ti gbà pé àwọn kò ní béèrè fún ẹ̀wọ̀n gbére, ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí Caspar Weinberger, mínísítà ètò ààbò, kọ̀wé àṣírí sí adájọ́, ẹ̀wọ̀n gbére náà ni ó fún un ní ọdún 1987. Ó lo 30 ọdún kí wọ́n tó tú u sílẹ̀ ní 2015, ó sì kó lọ sí Ísírẹ́lì ní ìparí 2020, níbi tí Netanyahu, olórí ìjọba Ísírẹ́lì nígbà náà, ti lọ pàdé rẹ̀ ní pápákọ̀ òfurufú. Lójú tèmi, ìyà náà pọ̀ jù fún ẹni tí kò ṣe amí fún ọ̀tá.

Ṣùgbọ́n ẹ má gbàgbé àwọn Júù tí wọ́n ń fi òótọ́ inú sin ìjọba Amẹ́ríkà, tí ìfura wá bẹ̀rẹ̀ sí í bá kiri nítorí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ aṣáájú wọn ni ó bínú sí i gidigidi. Àwọn náà wà lára ẹ̀yà tí ẹ ní ó ràn lọ́wọ́.