Kábà àtijọ́ tó ṣeé fi ṣiṣẹ́ oko

Àbúrò mi, o kú iṣẹ́ oko, o sì kú ọmọ lẹ́yìn. Mo ka ìbéèrè rẹ: o bá ọkọ rẹ padà sóko bàbá rẹ̀, ẹ ń ṣe kòkó, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ẹ̀gẹ́, o rí fọ́tò ìyá àgbà nínú ilé, wọ́n wọ kábà àtijọ́ tó wù ọ́, o sì fẹ́ rán irú rẹ̀ tí wàá máa fi ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́. O fẹ́ mọ irú aṣọ tí wàá rà, iye ọ̀pá tí yóò gbà, àti bóyá ìwọ fúnra rẹ lè fi maṣíìnì ẹlẹ́sẹ̀ tó wà nílé rán an. O lè rán an. Télọ̀ ni mí, inú oko ni mo sì ń gbé. Aṣọ tí àwọn obìnrin ń wọ̀ lọ sóko ni wọ́n ń gbé wá fún mi jù, yálà kí n rán an tàbí kí n tún un ṣe. Ibi tí aṣọ ti ń ya ni mo ti kọ́ bó ṣe yẹ kí a gé e.

Kí o tó ki àlùmọ́gàjí bọ aṣọ, tún fọ́tò yẹn wò. Aṣọ tí ìyá fi ya fọ́tò kọ́ ni wọ́n ń wọ̀ lọ sóko. Fọ́tò yíyà kì í ṣe nǹkan ojoojúmọ́ láyé ìgbà náà; aṣọ tó dára jù nínú àpótí lèèyàn máa ń wọ̀ lọ bá oní-fọ́tò. Ìdí nìyẹn tí kábà inú fọ́tò fi sábà máa ń fún lẹ́gbẹ̀ẹ́, tí ọwọ́ rẹ̀ ń mú apá pinpin, tí bọ́tìnì wà lẹ́yìn, tó sì gùn dé ọrùn ẹsẹ̀. Èyí tí wọ́n ń wọ̀ re oko máa ń tú lára ni. Ejìká ló ń gbé e dúró, láti àyà ló sì ti ń já wálẹ̀ láìmú ìbàdí. Bi àwọn ìyá tó wà lágboolé, wọn á fọwọ́ júwe rẹ̀ fún ọ. Ìyẹn ni kí o rán. Bí o bá fẹ́ràn ọrùn àti kọ́là inú fọ́tò, mú ọrùn àti kọ́là nìkan, kí o fi ìyókù sílẹ̀ fún ọjọ́ Àìkú.

Mo fẹ́ràn kábà gan-an, ó sì máa ń dùn mí bí wọ́n bá pè é ní aṣọ òyìnbó lásán. Òótọ́ ni pé àwọn Sàró, ìyẹn àwọn tó padà wálé láti Sàró (Sierra Leone), àti àwọn Àgùdà tó padà wálé láti Brazil, wà lára àwọn tó jẹ́ kó tàn kálẹ̀. Nígbà tí àwọn oníwàásù CMS, ìyẹn ẹgbẹ́ ajíhìnrere ìjọ Áńgílíkà, fi máa wá fìdí kalẹ̀ sí Abẹ́òkúta ní 1846, àwọn Sàró ti wà níbẹ̀ tàṣọ-tàṣọ wọn. Nígbà tí CMS sì dá ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọbìnrin sílẹ̀ ní Èkó ní 1869, aṣọ rírán wà lára ohun tí wọ́n ń kọ́ wọn. Ṣùgbọ́n àwọn ìyá wa ló tú u sílẹ̀ nítorí oòrùn, tí wọ́n fi àdìrẹ rán an, tí wọ́n sì gé e lọ́nà tó fi ṣeé pọnmọ lé lórí.

Ó yá, ká sọ̀rọ̀ aṣọ. Òwú gidi ni kí o rà. Yọ fọ́nrán kan létí aṣọ níbi tí wọ́n ti ń tà á, kí o fi iná sí i. Òwú gidi á jó, á máa rùn bí ìwé tó ń jóná, eérú rẹ̀ á sì fọ́ lọ́wọ́. Èyí tó jẹ́ rọ́bà á yọ́, á di kókó kékeré tó le. Rọ́bà kì í fa òógùn mu. Tó bá di ọ̀sán, á ti lẹ̀ mọ́ ọ lẹ́yìn, ooru rẹ̀ á sì mú ọmọ ju bó ṣe mú ìwọ lọ.

Fi àtẹ́lẹwọ́ pa ojú aṣọ náà. Kó dán, kó ki, kó má ní irun. Aṣọ onírun ni abẹ́rẹ́ olóko àti èèmọ́ máa ń rọ̀ mọ́. Ti wèrèpè tilẹ̀ burú jù: bí ó bá bà lé irú aṣọ bẹ́ẹ̀, á bá ọ délé, á sì dé ara ọmọ. Tẹ́rù tó nípọn díẹ̀ dára, àńkárá olówùú dára, ṣùgbọ́n àdìrẹ aláró ni mo máa ń sọ fún àwọn tó ń ṣe ọ̀gẹ̀dẹ̀. Oje ọ̀gẹ̀dẹ̀ kì í kúrò lára aṣọ, bó ti wù kí o fọ̀ ọ́ tó. Lára aró tó dúdú dáadáa, o ò ní rí i. Aró tuntun á kọ́kọ́ máa ṣí. Fi omi tútù ṣàn án títí omi á fi mọ́, kí o sì sá a síbi ibòòji. Kíjìpá le ju gbogbo wọn lọ, àwọn obìnrin ló ń hun ún lórí òfì tó ń dúró lóòró, aṣọ oko gidi sì ni láyé àtijọ́. Ó nípọn, ó sì móoru. Bí o bá rí abala rẹ̀, fi lẹ iwájú orúnkún nínú, níbi tí o ń kúnlẹ̀ lé.

Bí aṣọ náà bá fẹ̀ ní íǹṣì 45, ọ̀pá 4 á tó ẹni tí kò sanra jù. Fọ̀ ọ́, sá a, lọ̀ ọ́ kí o tó gé e, nítorí òwú máa ń súnkì. Bó bá jẹ́ ìró àdìrẹ ni o rí, wọ́n sábà máa ń rán abala méjì pọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́; jẹ́ kí ojú rírán yẹn bọ́ sí àárín ẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n jọ̀wọ́, bí ìyá bá ní àdìrẹ ẹlẹ́kọ àtijọ́ nínú àpótí, irú bí olóba tí wọ́n yà nígbà júbílì ọba Gẹ̀ẹ́sì ní 1935, má gé e. Mo bẹ̀ ọ́. Ra tuntun.

Abíyá ni kábà oko ti máa ń kọ́kọ́ bàjẹ́. Mo ti tún abíyá aṣọ ṣe ju ibikíbi mìíràn lọ. Ẹni tó ń já kòkó ń na ọwọ́ sókè, ẹni tó ń fa ẹ̀gẹ́ ń fi gbogbo ẹ̀yìn fà á, ẹni tó ń gbé apẹ̀rẹ̀ karí ń gbé apá méjèèjì. Aṣọ tó bá mú abíyá pinpin ò ní pẹ́ ya. Má gbẹ́ ihò apá bíi ti bùláòsì. Gé ọwọ́ rẹ̀ ní gbọọrọ, kí o gé aṣọ kékeré méjì onígun mẹ́rin, íǹṣì 5 lọ́nà gbogbo, ọ̀kan fún abíyá kọ̀ọ̀kan. Kọ́kọ́ so orí ọwọ́ mọ́ ejìká, kí o fi abẹ́ ọwọ́ àti ẹ̀gbẹ́ sílẹ̀ láìtíì pa dé. Ní iwájú, rán ẹ̀gbẹ́ kan lára aṣọ kékeré náà mọ́ etí ọwọ́, kí o rán ẹ̀gbẹ́ tó tẹ̀ lé e mọ́ etí ara kábà. Ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ní ẹ̀yìn. Tí o bá wá pa abẹ́ ọwọ́ àti ẹ̀gbẹ́ dé, igun kan á kọjú sí ọrùn ọwọ́, èyí tó dojú kọ ọ́ á kọjú sí ìdí. Bí o bá ku ìdajì íǹṣì kó dé igun, dá maṣíìnì dúró. Bí o bá rán an kọjá bẹ́ẹ̀, igun náà á ká kò. Lẹ́yìn náà, wọ̀ ọ́, kí o na ọwọ́ méjèèjì sókè. Bí etí ìsàlẹ̀ kábà bá bá ọwọ́ gòkè lọ púpọ̀, abíyá ṣì ń fún un.

Abala ejìká, ìyẹn aṣọ tó bo ejìká, tí iwájú àti ẹ̀yìn kábà so rọ̀ mọ́, jẹ́ kó jẹ́ onílọ́po méjì. Fi ojú rírán tó gùn rán etí òkè iwájú àti ẹ̀yìn, kí o fa òwú náà títí aṣọ á fi ṣù jọ bá ìwọ̀n abala ejìká mu, kí o tó rán wọn pọ̀. Ìyẹn ló ń jẹ́ kí kábà tú lára. Bọ́tìnì, iwájú ni kó wà, láti ọrùn dé òkè ikùn, kí o lè fún ọmọ lọ́yàn láìbọ́ aṣọ. Má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tì ọ́ sí sípù ẹ̀yìn. Àyà ọmọ ló máa wà lórí irin yẹn ní gbogbo àsìkò tó bá fi wà lẹ́yìn rẹ, ọ̀já á sì tún máa tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn.

Àpò méjì, kó jìn tó ọwọ́ rẹ dé ọrùn ọwọ́. Àpò tí wọ́n kàn rán mọ́ ojú rírán ẹ̀gbẹ́ máa ń fa kábà sọ́wọ́ kan bí fóònù àti kọ́kọ́rọ́ bá wà nínú rẹ̀. Mo fẹ́ràn ti àwọn ìyá jù, àwọn tó ń so okùn tòbí, aṣọ abẹ́ tó ní àpò, mọ́ ìdí lábẹ́ ìró, tí owó wọn ń wà nínú rẹ̀. Rán àpò náà lọ́tọ̀ mọ́ okùn, so ó mọ́ ìbàdí lábẹ́ kábà, kí o wá fi ihò sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ tí ọwọ́ á gbà wọlé. Ìbàdí rẹ ló máa ru ẹrù náà, ejìká á sinmi.

Gbogbo ojú rírán, ká etí kan bo èkejì, kí o tún un rán, kí etí gígé kankan má hàn nínú. Kó gùn mọ àárín ojúgun, kó má kọjá bẹ́ẹ̀: ìrì àárọ̀ á rin èyí tó bá gùn jù, á wúwo, á sì máa gbá koríko. Bàtà òjò á bo ìyókù. Ìṣẹ́tí ìsàlẹ̀, fi íǹṣì 3 sílẹ̀ fún un, nítorí ibẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ gbó, wàá lè tú u, kí o tún un ká.

Àjákù aṣọ tó bá ṣẹ́kù, má kó o pa mọ́ sínú àpótí. Jẹ́ kó máa bá kábà wọ omi ní gbogbo ìgbà tí o bá ń fọ̀ ọ́, kí o sì jọ máa sá wọn. Bí ìgbà bá tó láti lẹ orúnkún tàbí abíyá, àwọ̀ wọn á ti jọ ṣá, o ò ní rí ibi tí o lẹ̀. Bí o bá ti wọn àyà, ejìká, gígùn ọwọ́ àti gígùn ara, kọ wọ́n síbí, màá sọ bí wàá ṣe tò wọ́n sórí aṣọ kí ó má ṣòfò.