"Table" nínú àkọsílẹ̀ ìpàdé: báwo la ṣe ń túmọ̀ rẹ̀?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n ògbufọ̀. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa n'Ìbàdàn. Ẹ̀ka wa ní Houston, l'Amẹ́ríkà, fi àkọsílẹ̀ ìpàdé wọn ránṣẹ́ lédè Gẹ̀ẹ́sì, pé àwọn ti "table" àbá owó ilé ẹgbẹ́. Mo túmọ̀ rẹ̀ pé wọ́n gbé àbá náà síwájú ìpàdé. Wọ́n ní irọ́ ni mo kọ. Níbo ni mo ti ṣì í?

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́ o, akọ̀wé. Ẹ ò purọ́. Gẹ̀ẹ́sì àwọn ará Bírítéènì, tí wọ́n fi kọ́ wa nílé ìwé, lẹ fi kà á. Lọ́dọ̀ tiwọn, ẹni tó bá "table" àbá ti gbé e kalẹ̀ kí ìpàdé jíròrò lé e lórí. Ní Amẹ́ríkà, òdìkejì rẹ̀ pátápátá ni: wọ́n ti gbé e tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ọ̀rọ̀ yìí ti da àwọn èèyàn ńlá rú rí. Winston Churchill, tó jẹ́ olórí ìjọba Bírítéènì nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, kọ ọ́ sílẹ̀ pé nígbà ogun náà, àwọn ọ̀gá ológun Bírítéènì fẹ́ "table" ìwé kan nítorí pé ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ jẹ́ kánjúkánjú. Àwọn ará Amẹ́ríkà yarí. Wọ́n jiyàn títí kí wọ́n tó mọ̀ pé ohun kan náà ni àwọn méjèèjì ń fẹ́.

Ẹ kọ ọ́ báyìí: "Ìpàdé dá àbá náà dúró ná." Ẹ má kọ "fagi lé" o, torí àbá tí wọ́n gbé tì ṣì lè padà wá. Ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n ti dá ọjọ́ tí wọn yóò padà sórí rẹ̀, kí ẹ kọ ọjọ́ náà mọ́ ọn.

Àwọn ìtumọ̀ yòókù kò le tó èyí. Gbòǹgbò ọ̀rọ̀ náà lédè Látìn, "tabula", pákó ni. Mo fẹ́ràn ohun tí àwọn tó túmọ̀ Bíbélì wa ṣe gan-an: nínú Sáàmù 23, tábìlì ni wọ́n tẹ́ sílẹ̀, ṣùgbọ́n èyí tí Ọlọ́run kọ Òfin Mẹ́wàá sí, tí Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ pè ní "tables of stone", wàláà òkúta ni wọ́n pè é. Wàláà, pákó tí àwọn ọmọ ilé kéú ń kọ̀wé sí! Iṣẹ́ tí nǹkan náà ń ṣe ni wọ́n wò.

Èyí tí a to nọ́ńbà sí lẹ́sẹẹsẹ, àtẹ ni mo máa ń kọ, bí ìgbà tí èèyàn pàtẹ ọjà kí oníbàárà lè rí gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ti bọ́ọ̀lù nìkan ni mo ń fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, torí gbogbo èèyàn ló mọ ẹgbẹ́ tó wà lókè tábìlì.