Ẹ lọ sí ìpàdé náà, ṣùgbọ́n ẹ mú ìwé orúkọ tiyín dání

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará Òndó tí ẹ béèrè ọ̀rọ̀ yìí. Bó ṣe yé mi nìyí: káńsù àti iléeṣẹ́ ìṣètò ìlú pe ẹgbẹ́ onílé àti ẹgbẹ́ ọlọ́jà yín sí ìpàdé, wọ́n ní àwọn fẹ́ tún àárín ìlú ṣe, àwọn sì fẹ́ kí gbogbo ará ìlú jọ dá sí i. Ẹ wá ní ṣé kẹ́ ẹ lọ ni, àbí kẹ́ ẹ jókòó sílé. Àwọn kan ti dáhùn ṣáájú mi pé kẹ́ ẹ má débẹ̀ rárá, pé orúkọ yín ni wọ́n máa fi wó ṣọ́ọ̀bù yín. Ọ̀rọ̀ wọn nídìí, àmọ́ èmi ò bá wọn lọ. Tèmi ni pé kẹ́ ẹ lọ.

Akúrẹ́ ni mo wà. Ike àti abọ́ ni mo ń tà nítòsí Erékèsán, ọjà Ọba tó kọjú sí ààfin Déjì, èmi sì ni akọ̀wé ẹgbẹ́ wa nígbà tí irú ètò báyìí dé bá wa. A jókòó, a jà, a tún jókòó. Àwọn nǹkan kan bọ́ sí i fún wa, àwọn mìíràn bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́.

Kò sí òṣìṣẹ́ ìjọba tí kò mọ òwe a kì í fárí lẹ́yìn olórí. Òun gan-an ni wọ́n máa fi ń ṣí ìpàdé. Ibi tí wàhálà wà ni ta ni wọ́n kà sí olórí. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ ò bá sí nínú ìwé tí wọ́n fi ya pílánù, kò sí láyé lójú pílánù yẹn, ì báà jẹ́ pé ojú kan náà ni ìyá ìyá rẹ̀ ti tajà. Nítorí náà, kí ọjọ́ ìpàdé tó kò, ẹ ka ara yín. Ẹ má dúró de ẹni tó máa wá kà yín.

Tiwa, wọ́n rán àwọn ọmọ kan wá kà wá, ó sì bọ́ sí ọjọ́ ọdún Aheregbe, tí ọjà kì í ṣí ní Akúrẹ́. Àwọn ọmọ náà ò béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Wọ́n rìn yí ká, wọ́n rí ìsọ̀ tó wà ní títì, wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó ṣófo. Àwọn tó ń tẹ́ ọjà sílẹ̀, kò tiẹ̀ sí ohun tí wọ́n fẹ́ rí kọ. Ìgbà tí ìwé wọn dé iwájú wa, à ń rẹ́rìn-ín, inú sì ń bí wa. Àwa náà wá kó ìwé àjákọ lọ, a ń kà láàárọ̀ kùtù, lọ́sàn-án àti lálẹ́, nítorí ọjà kan náà kọ́ ni ọjà aago mẹ́fà àárọ̀ àti ọjà aago mẹ́jọ alẹ́. Alájàpá tó kó ẹ̀fọ́ àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ wọlé láti oko ti tà tán, ó ti padà sílé kí ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù tó ṣí. Onísùúyà àti ìyá alákàrà, ìrọ̀lẹ́ ni tiwọn. Àwọn alábàárù àtàwọn ọmọ tó ń ti ọmọlanke ò ní ìsọ̀ kankan, bẹ́ẹ̀ bí wọ́n bá yẹra fún ọjọ́ kan, ọjà ò ní nà. Ẹ kọ orúkọ, ohun tí kálukú ń tà, àkókò tó ń wà níbẹ̀, ta ló ń san owó fún, àti nọ́ńbà fóònù. Bí ẹ bá lè ya fọ́tò kálukú níbi tó jókòó sí, ẹ yà á.

Lẹ́yìn náà, ẹ gba pílánù lọ́wọ́ wọn. Kì í ṣe kí wọ́n fi hàn yín lára ògiri kí wọ́n tún ká a mọ́ra. Ẹ ní kí wọ́n fún yín ní ẹ̀dà kan. Tiwa lẹ́wà lójú, kò sí irọ́ ńbẹ̀: igi, àga ìjókòó, ibi ìgbọ́kọ̀sí, òpó iná tó tò lẹ́sẹẹsẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà Ọba Adésídà. Ẹni tó yà á mọ iṣẹ́. Ojú tó fi wo ìlú ni ojú ẹni tó wà nínú mọ́tò ní aago mọ́kànlá òwúrọ̀: sún-kẹẹrẹ fà-kẹẹrẹ, ìdọ̀tí, àwọn tó ń tajà lójú títì. Ibi tó fi àga ìjókòó àti òdòdó sí gan-an ni lọ́rí oníṣu ti máa ń já ẹrù nídàájí.

A mú pílánù náà lọ bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan ní FUTA, yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ tó wà ní Akúrẹ́ níbí, ní ẹ̀ka tí wọ́n ti ń kọ́ ìṣètò ìlú. (Ẹ̀yin náà ní yunifásítì nítòsí, ẹ má tijú láti kanlẹ̀kùn wọn, àwọn ọmọ yẹn ń wá iṣẹ́ àṣewò.) Wọ́n bá wa tẹ̀ ẹ́ tóbi, ó tó ẹní méjì. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tí ọjà ti tú, a tẹ́ ẹ sílẹ̀, a fi kóńgò tẹ etí rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí afẹ́fẹ́ má gbé e. Àwọn ìyá wa dúró yí i ká, wọn ò sọ̀rọ̀. Ọ̀kan nínú àwọn aláta, tí kò kàwé rí, rìn yí ìwé náà ká, ó ní, “Níbo ni ààfin wà ńbẹ̀?” A fi hàn án. Ó ní kí a gbé ìwé náà dìde, kí a yí i títí ẹnu ọ̀nà ààfin tó wà nínú ìwé yóò fi kọjú sí ẹnu ọ̀nà ààfin gan-an. Bí a ṣe yí i báyìí, ariwo sọ. Gbogbo wọn rí ibi tí wọ́n wà. Oníṣu ju èèpo iṣu sí àyè rẹ̀, aláṣọ fi ègé àǹkárá sí tiẹ̀, àwọn alábàárù kó òkúta wẹ́wẹ́ sí ibi tí wọ́n ti ń sinmi. Ìyá aláta yẹn fi ata gbígbẹ mẹ́ta sí ojú tirẹ̀, ó wá fi ìka fa ìlà láti ibẹ̀ gba ẹ̀yìn ìsọ̀ àwọn ẹlẹ́ran lọ sísàlẹ̀, níhà ibi tí omi ti ń wọ́ lọ sí odò Àlà. Ó ní, “Ibí lomi ń gbà bí òjò bá rọ̀. Ẹ̀yin ẹ wá gbé igi síbẹ̀.” Kò sí gọ́tà kankan lórí ìlà yẹn nínú pílánù. Ọ̀gá tó tẹ̀ lé wa wá láti iléeṣẹ́ ìjọba, tó ti ń wo fóònù rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ sórí ìwé náà, ó yọ bírò.

Mo gbà pé iṣẹ́ ìrọ̀lẹ́ yẹn ju gbogbo ìpàdé tí a ṣe nínú gbọ̀ngàn lọ. Ọ̀nà omi yẹn wọ pílánù kejì. Ibi tí lọ́rí ti ń já ẹrù náà dúró, wọ́n kàn fi àkókò sí i: lọ́rí gbọ́dọ̀ ti kúrò kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa.

Nípa ìpàdé gan-an, ẹ wo ọjọ́ àti ibi. Bí wọ́n bá pè yín sí ọ́fíìsì ní aago mọ́kànlá ọjọ́ ọjà, ìwọ̀nba alága àti akọ̀wé ló máa lọ, ìyókù ò ní ti ìsọ̀ wọn. Ẹ ní kí wọ́n wá bá yín lọ́jà nírọ̀lẹ́. Ẹ sì ní kí wọ́n sọ Yorùbá. Bí ẹnì kan bá lè sọ ẹ̀ka èdè Oǹdó, ó tún dáa jù. Tiwa, gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, àwọn àgbà ń mi orí, wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn ará ọjà fara mọ́ ọn!

Ìwé ìfọwọ́sí tí wọ́n ń gbé káàkiri, ẹ kọ́kọ́ ka orí rẹ̀. Bí orí rẹ̀ bá ṣófo, ẹ má fọwọ́ kan án. Ohun tí a máa ń kọ síwájú orúkọ wa ni “Mo wá gbọ́ ọ̀rọ̀, mi ò tíì fọwọ́ sí nǹkan kan.” Wọ́n fajú ro ní ọjọ́ àkọ́kọ́. Nígbà tó yá, àwọn fúnra wọn tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé.

Ẹ tún mọ ibi tí òfin dé, kí ẹnikẹ́ni má fi dẹ́rù bà yín. Òfin Lílo Ilẹ̀ ti ọdún 1978 sọ pé bí ìjọba bá gba ilẹ̀ fún ànfààní gbogbo ènìyàn, iye ilé tó wà lórí rẹ̀ ni wọ́n máa san, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti yọ ti gbígbó rẹ̀, àti ti ohun ọ̀gbìn. Ti ilẹ̀ fúnra rẹ̀ ò ju owó ilẹ̀ ọdún kan lọ. Onílé sì ni owó ilé ń bá lọ. Ẹ̀yin tí ẹ ń san rẹ́ńtì, oníbàárà tí ẹ fi ogún ọdún kó jọ ò sí nínú ìṣirò wọn rárá. Ohun tí òfin ò fún yín yìí, inú àdéhùn nìkan lẹ ti lè rí i, ìdí nìyẹn tí jíjókòó sílé fi burú. Òfin ìṣètò ìlú ti ọdún 1992 náà wà: ó ní níbi tí wọ́n bá yà sọ́tọ̀ fún àtúnṣe, àwọn tó ń gbé ibẹ̀ àti ìjọba ló máa jọ ṣe é. Bí ẹnì kan bá sì sọ fún yín pé “Abuja ló pàṣẹ”, ẹ rántí pé ní 2003 ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ dá a, nínú ẹjọ́ tí ìpínlẹ̀ Èkó bá ìjọba àpapọ̀ ṣe, pé ọwọ́ ìpínlẹ̀ ni ìṣètò ilẹ̀ wà. Alágbàká ní Akúrẹ́ níbí, níbi tí ọ́fíìsì ìjọba ìpínlẹ̀ wà, ni kẹ́ ẹ kọ lẹ́tà sí.

Ilé ẹbí ńkọ́? Ọ̀rọ̀ ńlá ni, ṣùgbọ́n mi ò ní fà á gùn. Láti 1976 tí Akúrẹ́ ti di olú ìlú ìpínlẹ̀, àwọn ọmọ onílé tó wà láàárín ìlú ń kó lọ sí Ìjàpọ̀ àti ọ̀nà Ọbà-Ilé díẹ̀díẹ̀, ìsàlẹ̀ ilé di ṣọ́ọ̀bù, òkè ilé di ilé eku. Bí ẹ bá fẹ́ kí irú ilé bẹ́ẹ̀ wọ ètò náà, olórí ẹbí nìkan ò tó. Ẹ wá àwọn àgbààgbà ẹbí jọ, kí gbogbo wọn fọwọ́ sí i, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ọmọ kan á ti òkè òkun pe lọ́yà.

Owó wá ńkọ́. Ní Porto Alegre, ní orílẹ̀-èdè Brazil, ọdún 1989 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbé apá kan owó ìṣúná ìlú síwájú àwọn ará àdúgbò kí wọ́n fúnra wọn sọ ohun tí wọ́n máa kọ́kọ́ fi ṣe. Olùkọ́ kan ní FUTA ló sọ ọ́ fún wa, a sì fi béèrè lọ́wọ́ àwọn tiwa: èló ló wà nílẹ̀, kí ló máa kọ́kọ́ ṣe? Gbogbo ilé dákẹ́. Ìgbà yẹn la mọ̀ pé àwòrán tó lẹ́wà yẹn ò ní owó lẹ́yìn ju ti ọ̀nà àti gọ́tà lọ, a wá fi gbogbo ẹnu wa sórí gọ́tà. Ẹ béèrè bẹ́ẹ̀ ní ìpàdé àkọ́kọ́.

Ibi tó dùn wá jù ni ìpadàbọ̀. Wọ́n ní ká kó lọ sí ibì kan fún ìgbà díẹ̀, ibẹ̀ jìn sọ́nà, mọ́tò ò fẹ́ gbà á. Àwọn kan jẹ gbèsè tán kí iṣẹ́ tó parí. Nígbà tí wọ́n ṣí ìsọ̀ tuntun, rẹ́ńtì ti ga kọjá ọwọ́ aláta àti ẹlẹ́fọ̀ọ́. Àwọn tí a ò mọ̀ rí ló gba èyí tó kọjú sí títì. Orúkọ wa wà nínú ìwé o, ṣùgbọ́n iye rẹ́ńtì ò sí ńbẹ̀. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni tó gbé àpótí kan kúrò níbẹ̀: orúkọ, ojú ìsọ̀, bó ṣe fẹ̀ tó, rẹ́ńtì ọdún mélòó kan àkọ́kọ́, àti ibi ìkósí tí ẹsẹ̀ oníbàárà lè dé, gbogbo rẹ̀ lórí ìwé, kí káńsù àti ìpínlẹ̀ jọ fọwọ́ sí i. Bí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ kó, ẹ sọ pé kí wọ́n ṣe é lápá lápá, kí ìdajì ọjà máa nà nígbà tí wọ́n bá ń kọ́ ìdajì.

Ẹ̀yin ní Òndó ní ohun kan tí àwa ò ní: Lóbùn. Ọba obìnrin tó ni ìlànà ọjà lọ́wọ́, tí ọjà tuntun kì í ṣí láìsí i, kò yẹ kí wọ́n pè é wá gé ríbọ́ǹnì lásán. Ẹ lọ bá a nísinsìnyí, kí ìwé orúkọ yín tó kúrò lọ́wọ́ yín, kí ẹ̀dà kan wà lọ́dọ̀ rẹ̀, kí ẹ̀dà kan wà láàfin Ọ̀ṣẹ́máwé, kí ọ̀kan wà lọ́dọ̀ lọ́yà yín.

Mo ṣì ní ẹ̀dà fọ́ọ̀mù tí a fi ka ara wa. Ẹ sọ adúgbò tí wọ́n fẹ́ kọ́kọ́ fọwọ́ kàn fún mi, bóyá ti Yaba ni tàbí ti Ọjà Ọba, kí n lè mọ ohun tí mo máa fi kún un kí n tó fi ránṣẹ́. Bí wọ́n bá sì ti gbé pílánù kan jáde, ẹ ya fọ́tò rẹ̀ kí wọ́n tó ká a.