Koríko gún gíní píìgì mi lójú

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Gíní píìgì méjì, ẹran kékeré tó jọ eku, ni mo ń sìn l'Ókè-Fìà, Òṣogbo níbí, wọn kì í fira wọn sílẹ̀. Koríko gbígbẹ gún ọ̀kan lójú lánàá, ojú yẹn ń ṣomi, ó ti ń funfun, ṣé kí n yà wọ́n ni?

Ìdáhùn: Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ẹ má yà wọ́n, àfi tí èkejì bá ń dà á láàmú, torí tó bá dá wà ó lè má jẹun mọ́, ewu sì nìyẹn. Ẹ gbé àwọn méjèèjì lọ bá dókítà ẹranko lónìí, á kán aró kan sójú ẹ̀ láti wo ibi tó họ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kán oògùn ojú èèyàn sí i o, èyí tó bá ní steroid, ìyẹn èròjà tó ń dín wíwú kù, lè fọ́ ojú ọ̀hún pátápátá.