Mo kú nínú fíìmù mẹ́ta, kò sẹ́ni tó bi mí

Àbúrò mi, o ní o kàwé tíátà jáde, o ti ń ṣeré fún ọdún mẹ́fà, o wá fẹ́ lọ máa kọ́ àwọn ọmọ ní eré àti Gẹ̀ẹ́sì lókè òkun. O bèèrè bóyá àwọn fíìmù tí o ti ṣe á ṣe ọ́ lóore. Tí o bá ti wọ kíláàsì tán, á ṣe ọ́ lóore gan-an. Kí o tó wọ̀ ọ́, kò sẹ́ni tó máa bi ọ́ ní fíìmù.

Èmi náà jáde ní Ìbàdàn, mo bá ẹgbẹ́ òṣèré kiri fún ọdún méje, mo ṣe ìránṣẹ́ ọba, mo ṣe babaláwo, mo kú nínú fíìmù mẹ́ta. Ní 2016 ẹnì kan gba owó lọ́wọ́ mi pé òun á bá mi wá iṣẹ́ tísà Gẹ̀ẹ́sì ní South Korea. Àṣé físà E-2 tí wọ́n ń fún irú tísà bẹ́ẹ̀, ọmọ orílẹ̀-èdè méje péré ló wà fún: Amẹ́ríkà, Bìrìtéènì, Kánádà, Ireland, Australia, New Zealand àti South Africa. Èmi tí wọ́n ti gba náírà márùn-ún lọ́wọ́ mi ní ilé-ìwé torí pé mo sọ Yorùbá ní kíláàsì, Gẹ̀ẹ́sì mi kò tó. Owó tí mo fún ẹni yẹn náà kò padà.

Ariwo tí gbogbo èèyàn wá ń pa láti February 2023 ni pé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ń gba ìwé ẹ̀rí tísà Nàìjíríà, pé o lè wà nílé kí o bèèrè fún QTS, ìyẹn àṣẹ tísà tó dáńtọ́. Òótọ́ ni o. Ṣùgbọ́n kà á dé ìsàlẹ̀: ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti èdè bíi Faransé ni wọ́n ṣí i fún. Eré kò sí níbẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì alára kò sí níbẹ̀.

PGCE, ìyẹn ẹ̀kọ́ iṣẹ́ tísà fún ẹni tó ti ní dìgírì, ni mo gbà wọlé, ní 2021. Ọdún ìwé kan ni, o sì máa fi ọjọ́ 120 ó kéré tán kọ́ni nínú ilé-ìwé tí kò dín ní méjì. Gẹ̀ẹ́sì ni kí o mú, tàbí Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú eré, torí gbogbo ọmọ ló ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì, eré kì í ṣe dandan. Owó ilé-ìwé tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ àlejò láti òkèèrè ni wàá san, ó sì wúwo. Má fọkàn sí owó ìrànwọ́. Físíìsì àti èdè ni wọ́n ń fún àlejò sí.

Ohun tó fẹ́ẹ̀ dá mi dúró ni ẹ̀rí pé mo ti kọ́ ọmọ rí. Fọ́tò ìtàgé kún fóònù mi, lẹ́tà kan ṣoṣo láti ilé-ìwé kò sí. Bẹ́ẹ̀ mo kọ́ni ní Kebbi nígbà tí mo jẹ́ agùnbánirọ̀, mo sì kọ́ni fún táàmù mẹ́rin ní Bódìjà kí n tó sá lọ ṣe fíìmù láàárín táàmù. Ọ̀gá wa ní Bódìjà kò gbàgbé. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi jókòó sẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì rẹ̀ torí lẹ́tà. Ìyá mi ló bá mi lọ bẹ̀ ẹ́, èmi tí mo ti lé ní ọgbọ̀n ọdún!

Wàyí o, mo dé Manchester. Àwọn ọmọ ọdún mẹ́tàlá, Macbeth, eré Shakespeare, ni iṣẹ́ ọjọ́ náà. Mo gbé ohùn Ṣàngó sí i. Mo fi aṣọ tábìlì bora, mo pa ohùn dà fún àjẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, mo ṣubú lulẹ̀ gbì. Wọ́n pàtẹ́wọ́ títí, mo ń yan fanda. Obìnrin tó ń tọ́ mi sọ́nà na bébà kékeré kan sí mi, iye àkókò tí oníkálukú wa fi ṣe nǹkan ló kọ síbẹ̀: ìwọ, ìṣẹ́jú 43, àwọn ọmọ, ìṣẹ́jú 5. Ó ní kí ni wọ́n mọ̀ báyìí tí wọn ò mọ̀ kí wọ́n tó wọlé? N ò rí nǹkan kan sọ. Láti ọjọ́ náà, àwọn ọmọ ló ń ṣe àjẹ́, èmi ń di aago mú. Ó ṣòro fún òṣèré o, kí gbogbo ojú máa wò wá ló máa ń wù wá.

Lẹ́yìn PGCE, ọdún méjì ni wọ́n tún fi ń ṣọ́ tísà tuntun. Mo parí tèmi ní 2024.

Ibi tí tíátà ti wá gbè mí ni ọjọ́ Jímọ̀, kíláàsì ìkẹyìn, tí ọgbọ̀n ọmọ ń pariwo. N kì í jágbe mọ́ wọn. "Àlọ́ o!" ni mo máa ń ké. Gbogbo wọn á ní "Ààlọ̀!", ẹnu á sì pa mọ́. Ọmọ Poland kan ló mọ̀ ọ́n dáhùn jù, ó tiẹ̀ ń ké e sí mi ní ọjà.

Torí náà, lọ bá ọ̀gá ilé-ìwé kan ládùúgbò rẹ ní Mọ́ńdè, kódà kó jẹ́ ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀ lo fẹ́ máa lọ. Gba lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́, kí o sì gba òmíràn ọjọ́ tí o bá ń kúrò. Tí o bá ti kọ ìwé ìdí tí o fi fẹ́ ṣe tísà, fi ránṣẹ́ sí mi kí n bá ọ wò ó. Yọ ọ̀rọ̀ fíìmù kúrò ní ìpínrọ̀ àkọ́kọ́ kí o tó fi ránṣẹ́.