Ìdérí ojú ọkọ̀ tó ń jò: ẹ wo pákó inú kí ẹ tó wo rọ́bà

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ ìlanilọ́yẹ̀. Mo ní ọkọ̀ ojú omi kékeré kan tí wọ́n fi fáíbà ṣe, tí mo fi ń ná ọ̀sà láti Ìkòròdú. Ìdérí méjì ló wà lójú dẹ́ẹ̀kì rẹ̀, tí à ń ṣí láti kó ẹrù àti jákẹ́ẹ̀tì ìgbẹ̀mílà sí abẹ́. Bí òjò bá ti rọ̀, omi á wọ ibẹ̀. Mo ti pààrọ̀ rọ́bà etí ìdérí, mo sì ti fi sílíkónì kùn ún yíká, síbẹ̀ ó ń jò. Mo ti wá ra ìdérí tuntun méjì tí férémù wọn jẹ́ alumíníọ̀mù, tí ojú wọn sì jẹ́ ike tó mọ́ gaara. Báwo ni kí n ṣe dè wọ́n síbẹ̀ tí omi kò fi ní wọlé mọ́? Ọlọ́kọ̀, Ìkòròdú.

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ìnáwó, ọ̀gá wa, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì dè wọ́n. Bí rọ́bà tuntun kò bá dá jíjò dúró, ó ṣeé ṣe gan-an pé ihò sukúrù tí wọ́n fi de férémù mọ́ dẹ́ẹ̀kì ni omi ń gbà wọlé. Púpọ̀ nínú àwọn dẹ́ẹ̀kì fáíbà ni wọ́n fi páìwúùdù sí láàárín, tí fáíbà sì bò ó lókè àti nísàlẹ̀. Bí wọ́n bá lu ihò gba inú páìwúùdù náà láìdí etí ihò, omi á máa fà wọ inú pákó díẹ̀díẹ̀, pákó á jẹrà, sukúrù kò sì ní rí ohun tó máa dì mú mọ́. Férémù tí kò bá sì dúró gbọn-in, kò sí gọ́ọ̀mù tó lè gbà á. Ọ̀rọ̀ yìí kò mọ sórí ẹrù tó ń tutù o: omi 200 lítà lábẹ́ dẹ́ẹ̀kì wúwo tó 200 kílógíráàmù, ìyẹn bí àgbàlagbà mẹ́ta, bí ọkọ̀ bá sì fì sí ẹ̀gbẹ́ kan, gbogbo omi náà ni yóò wọ́ lọ síbẹ̀.

Ẹ fi èèkù ọ̀bẹ kan dẹ́ẹ̀kì yí ihò tí ìdérí bò ká. Ibi tí pákó rẹ̀ ṣì dára yóò dún kó-kó-kó. Ibi tó ti jẹrà, ohùn rẹ̀ yóò bò mọ́lẹ̀. Bí ẹ bá tú sukúrù kan, tí omi dúdú tẹ̀ lé e jáde, kò sí àríyànjiyàn mọ́.

Níbi pákó yìí ni sùúrù ti pọn dandan jù lọ. Ẹ yọ férémù àtijọ́, kí ẹ sì ha gbogbo sílíkónì kúrò, nítorí pé agbára káká ni ohun mìíràn fi ń lẹ̀ mọ́ ibi tí sílíkónì bá ṣẹ́kù sí. Bí ẹ bá wo etí ihò ìdérí, ẹ ó rí páìwúùdù náà láàárín fáíbà méjèèjì. Ẹ fi ìṣó tí ẹ tẹ̀ lórí họ ọ́ jáde yíká, ó kéré tán sẹ̀ǹtímítà kan sí méjì wọ inú, títí ẹ ó fi kan pákó gbígbẹ tó le. Ẹ jẹ́ kí ibẹ̀ gbẹ dáadáa. Àsìkò ọyẹ́ ló dára jù fún iṣẹ́ yìí, bí ó bá sì di dandan kí ẹ ṣe é nígbà òjò, ẹ fi tapólì ṣe àtíbàbà lé e. Lẹ́yìn náà, ẹ po epoxy, ìyẹn gọ́ọ̀mù olómi méjì tí à ń pò pọ̀ kó lè le, mọ́ ìyẹ̀fun silica títí yóò fi ki, kí ẹ sì fi dí àlàfo náà pátápátá. Résìnì polyester, èyí tí wọ́n sábà máa ń fi ṣe ọkọ̀ fáíbà, dínwó ju epoxy lọ, ṣùgbọ́n kì í di pákó mú bíi tirẹ̀, nítorí náà ẹ má ṣe ṣahun níbí.

Bákan náà ni ihò bóòtù kọ̀ọ̀kan. Bí bóòtù yín bá jẹ́ mìlímítà 6, ẹ lu ihò mìlímítà 12, ẹ fi táàpù dí ìsàlẹ̀ rẹ̀, ẹ rọ epoxy kún un, nígbà tó bá sì le tán, ẹ lu ihò mìlímítà 6 gba àárín rẹ̀. Bí gọ́ọ̀mù bá tiẹ̀ já lọ́jọ́ kan, omi kò ní rí pákó bà jẹ́.

Ojú dẹ́ẹ̀kì sábà máa ń ga díẹ̀ láàárín kí omi lè ṣàn lọ sí ẹ̀gbẹ́. Bí ẹ bá wá fi agbára bóòtù tẹ férémù mọ́ ọn, férémù yóò lọ́, ìdérí kò sì ní pa dé dọ́gba. Ẹ kọ́kọ́ gbé e lé ibẹ̀ lásán, kí ẹ máa tẹ igun rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá ń mì, ẹ fi epoxy kíki gbé ibi tó rẹlẹ̀ sókè. Bí ẹ bá ní láti gé ihò náà fẹ̀ sí i, ẹ jẹ́ kí igun rẹ̀ rí róbótó, nítorí igun mímú ni fáíbà ti máa ń là.

Táàpù butyl, ìyẹn táàpù rọ́bà rírọ̀ tó ń lẹ̀, ni mo fara mọ́ fún abẹ́ férémù, nítorí pé kì í gan, ó sì ṣeé tú lọ́jọ́ iwájú. Ẹ fi dírílì ńlá gbẹ ẹnu ihò bóòtù díẹ̀, kí butyl lè rí ibi jókòó yí ọrùn bóòtù ká. Irin 316 tí kì í tètè dípẹtà ni kí ẹ rà, nítorí iyọ̀ inú ọ̀sà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Nọ́ọ̀tì ni kí ẹ máa fi sípánà yí. Bí ẹ bá ń yí bóòtù fúnra rẹ̀, ẹ ó já butyl tó ti lẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ fún un díẹ̀, ẹ padà fún un lọ́jọ́ kejì, ẹ má sì tẹ̀ ẹ́ títí gbogbo butyl yóò fi tú jáde.

Ní ìparí, ẹ fi ṣọ́ọ̀kì kun ètè férémù, ẹ pa ìdérí dé, kí ẹ sì ṣí i: ìlà ṣọ́ọ̀kì gbọ́dọ̀ hàn lára rọ́bà yíká láìjá. Ẹ wá tẹ́ ìwé ìròyìn gbígbẹ sí abẹ́, kí ẹ sì da omi lù ú láti ìta. Bí ẹ bá ń fọ ojú ike náà, ọṣẹ àti omi ti tó. Acetone àti epo bẹntiróòlù máa ń mú kí ó sán wẹ́wẹ́.